Ìwó: Ilẹ̀ Rẹ̀, Ìtàn Rẹ̀ àti Kíka Ènìyàn Inú Rẹ̀

Lára àwọn àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ fún wa jù ni èyí tí a ń pè ní ‘Ìlú Mi’. Ẹni tí ó bá ti máàkì ìwé ìdánwò Yorùbá rí mọ bí irú àròkọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ọmọ náà yóò dárúkọ ẹni tí ó tẹ ìlú rẹ̀ dó, yóò dárúkọ odò kan, yóò ní ènìyàn inú ìlú náà pọ̀ bí eṣú, àròkọ ti parí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó já fáfá, yóò fi iye kan sí i, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọdún tí a ka iye náà, kò sì ní sọ bóyá ìlú nìkan ni a kà tàbí ìlú pẹ̀lú abúlé rẹ̀. Àwa olùkọ́ ńkọ́? A óò sì fi àmì sí i pé ó tọ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìlú Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. A fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù, ìyẹn ni pé ènìyàn mélòó ni ó wà ní Ìwó, kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, àti pé bí ilẹ̀ ìlú náà ti rí àti bí ìtàn rẹ̀ ti lọ ni ó fa èyí.

Ilẹ̀ àti omi

Ìwó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àárín Ìbàdàn àti Òṣogbo. Bí a bá fi okùn wọ̀n ọ́n tààrà, nǹkan bí 40 kìlómítà ni sí Ìbàdàn, kò sì ju nǹkan bí 45 lọ sí Òṣogbo. Odò Ọbà, tí ó ń ṣàn bọ̀ láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, kọjá lẹ́bàá rẹ̀ kí ó tó lọ dà sínú Odò Ọ̀ṣun. Odò yìí àti ẹyẹ odídẹrẹ́ kì í wọ́n nínú oríkì ìlú náà; gbogbo ènìyàn ni ó mọ Ìwó sí ilé odídẹrẹ́. Òjò a máa rọ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá, a sì máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ.

Igbó àti ọ̀dàn ni ó pàdé ní agbègbè náà. Bí a bá kọrí sí gúúsù, igi ń pọ̀ sí i. Bí a bá kọrí sí àríwá, koríko ni ó ń gba ilẹ̀. Nítorí náà àgbẹ̀ Ìwó lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, kí ó ní ọ̀pẹ, kí ó sì tún ní kòkó díẹ̀. Díẹ̀ ni a wí, nítorí pé kòkó ibẹ̀ kò lè bá ti Ifẹ̀ tàbí ti Oǹdó dọ́gba. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kòkó yóò tún yọjú nígbà tí a bá dé orí kíka ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè kì í gbọ́. Nígbà tí Smyth àti Montgomery ṣe ìwádìí lórí erùpẹ̀ ní àárín gbùngbùn Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí ìwé wọn sì jáde ní 1962, orúkọ ìlú ni wọ́n fi sọ oríṣiríṣi erùpẹ̀ tí wọ́n rí. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Ìwó, èyí tí ó ti ara òkúta líle oníhóró ńláńlá wá. Títí di òní, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò dé Ìwó rí lè sọ fún ọ pé erùpẹ̀ Ìwó ni ó wà lóko tí òun ti ń ṣiṣẹ́, kí oko náà sì jìnnà réré sí Odò Ọbà.

Ìtàn ìtẹ̀dó

Kí a tó wọ inú ìtàn, a fẹ́ mẹ́nu ba orúkọ ọba ìlú náà. Olúwòó ni ọba Ìwó. Olúwo sì ni olórí àwọn babaláwo. Bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, tí a sì kọ ọ́ bí àwọn ìwé ìròyìn gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ́, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì lójú ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé olórí àwọn onífá ni ó ń jọba ní Ìwó ti ṣe àṣìṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò lè bá a wí tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìwé tí ó kà kò ní àmì ohùn kan ṣoṣo.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Ìwó ti ń sọ ọ́, Adékọ́lá Tẹ̀lú ni ó kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ Lúwòó ni, ìyẹn obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Ní Ìwó, Ọọ̀ni kẹrìndínlógún ni wọ́n ń ka Lúwòó sí; àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn nípa àwọn Ọọ̀ni fi í sí ipò kọkànlélógún. Ìyàtọ̀ ọba márùn-ún kì í ṣe ohun kékeré, a kò sì rò pé iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni láti dájọ́ láàrin Ifẹ̀ àti Ìwó. Ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó sọ ẹnu ẹni tí ó ti gbọ́ èyí tí ó mú. Bí kíka ọba tí a mọ orúkọ wọn bá lè mú àríyànjiyàn wá báyìí, kí ni kí a ti wá wí nípa kíka gbogbo ìlú?

Tẹ̀lú fúnra rẹ̀ kò dé ibi tí Ìwó wà lónìí. Ìtàn náà ní ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí lójú ọ̀nà ju ọ̀kan lọ, a sì máa ń dárúkọ Ògúndìgbàrò láàrin wọn. Lábẹ́ Parin ni wọ́n wá dé ojúkò tí wọ́n wà di òní. Ta wá ni olùtẹ̀dó? Ẹni tí ó gbé adé kúrò ní Ifẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ìlú múlẹ̀? Bí a bá fi èyí ṣe ìbéèrè ìdánwò, tí a sì ní orúkọ kan ṣoṣo ni a óò gbà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ sọ ìtàn náà fún ní kíkún ni a óò fìyà jẹ.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Ìwó di ìlú ńlá, ogun ni ó sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ogun Òwu bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1821. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń sá bọ̀ wá sí gúúsù pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìlú tí ó wà ní bèbè igbó, tí ẹṣin àwọn ará Ìlọrin kò fi bẹ́ẹ̀ lè dà láàmú, ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyí tí Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi kún ju bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará Òwu náà fọ́n ká. Kúta, tí ó múlé ti Ìwó, Òwu ni wọ́n títí di òní olónìí. Olówu ni wọ́n ń pe ọba wọn. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, láti ìgbà náà lọ sì ni gbogbo agbègbè Ọ̀ṣun ti ń wo ojú Ìbàdàn. Ìwó sún mọ́ Ìbàdàn ju ẹni tí ó lè ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ.

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá dá gbé inú oko ni a ń kó lẹ́rú. Inú ìlú ni gbogbo ènìyàn kó jọ sí, agbo ilé fara ti agbo ilé, a sì ń ti ibẹ̀ lọ sí oko lówùúrọ̀. Ogun ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ètò yìí kò tẹ̀lé ogun lọ.

Muhammadu Lámúyẹ ni ó wà lórí oyè ní ìgbà tí a ń wí yìí dé òpin, láti nǹkan bí 1858 títí di 1906. Òun ni Olúwòó àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Òun àti Tìmì Abíbù Lágúnjú ti Ẹdẹ ni a máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọba Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn náà, T. G. O. Gbadamosi ti fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú nínú ìwé tí ó kọ ní 1978 lórí bí Ìsìláàmù ṣe gbilẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá. Ọba tí ó pẹ́ tó báyìí lórí oyè ní àkókò tí ogun Kírìjì ń jà lọ́tùn-ún, tí àwọn òyìnbó sì ń bọ̀ lósì, yẹ fún àpilẹ̀kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá lè kọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ wa, kí ó má ṣe fà á sẹ́yìn. Nígbà tí ó fi máa kú, ojú irin rélùwéè ti kúrò ní Ìbàdàn, níbi tí ó dé ní 1901, ó sì ń ti ilẹ̀ Ìwó kọjá lọ sí ọ̀nà Òṣogbo.

Ilé àti oko

Àwa olùkọ́ Yorùbá mọ orúkọ Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí Smithsonian Institution tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ yunifásítì tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001, lórí ilẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn fún àwọn olùkọ́ ti wà tẹ́lẹ̀. Káúńtì Jackson ní Georgia ni a ti bí Bowen ní 1814. Káúńtì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ohun tí a lè fi wé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. 1796 ni a dá ti Jackson sílẹ̀, Jefferson sì ni olú-ìlú rẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa kọ ìwé kékeré lórí káúńtì wọn, ìtàn rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti iye ènìyàn inú rẹ̀. Ó rọrùn fún wọn. Òfin ilẹ̀ wọn ni pé kí a ka ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, láti 1790 ni wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Jackson ti ń pọ̀ sí i láti 1800 kò ní ju kí ó ṣí ìwé lọ. Ní 2020, ènìyàn 75,907 ni wọ́n kà níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó lé ní 880 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó kò ju nǹkan bí 245 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, iye tí a kà níbẹ̀ ní 2006 sì lé ní 191,000. Ilẹ̀ tiwa kò tó ìdá mẹ́ta tiwọn, àwọn ènìyàn wa sì tó ìlọ́po méjì àbọ̀ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ àgbẹ̀ ni a ń pe àwọn méjèèjì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti iye nìkan. Ní irú káúńtì bẹ́ẹ̀, orí oko rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń kọ́ ilé sí, ìlú sì jẹ́ ibi kékeré tí ó ti ń ra iyọ̀ tí ó sì ti ń ṣe ẹjọ́. Ní Ìwó, inú ìlú ni ilé àgbẹ̀ wà. Agbo ilé bàbá rẹ̀ ni ilé; abúlé ni ibi iṣẹ́. Ó lè jí sí abúlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù, kí ó bí ọmọ síbẹ̀, kí ó sin adìẹ síbẹ̀. Bí o bá bi í pé ará ibo ni, ará Ìwó ni yóò sọ, yóò sì bínú bí o bá pè é ní ará oko. Bí Iléyá bá dé, yóò ti ilẹ̀kùn abúlé, yóò wálé. Tí ikú bá pa á sóko láyé àtijọ́, ilé ni wọn yóò gbé e wá.

Olùkànìyàn tí ó bá dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó níláti kọ ọkùnrin yìí sí ibì kan. Ibo ni yóò kọ ọ́ sí?

Kíka ènìyàn

Àwọn bàbá wa kò fẹ́ràn kíka ènìyàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ rin ilẹ̀ wa já kò kà wá, wọ́n kàn fojú wọ̀n wá ni. Bowen fojú wọn Ìbàdàn sí 70,000, ó sì fojú wọn Abẹ́òkúta sí 60,000, kò sí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ẹnì kan. Nígbà tí ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ènìyàn ní tòótọ́, owó orí ni àwọn ènìyàn rí lẹ́yìn rẹ̀. Owó orí wà lára ohun tí ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèihò ní 1916 àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, òun náà ni àwọn Agbẹ́kọ̀yà torí rẹ̀ gbé àdá ní 1968 sí 1969. Ẹni tí ó ní ọkùnrin mẹ́rin tí ó ti bàlágà nílé lè pè wọ́n ní méjì fún akọ̀wé ìjọba, kí ó má sì rò pé òun purọ́.

Ní 1952, ènìyàn 100,006 ni a kà ní Ìwó. Ìlú kẹfà ni ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn àti Èkó pa pọ̀, lẹ́yìn Ìbàdàn, Èkó, Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo àti Ifẹ̀. Ó ju Abẹ́òkúta lọ, nítorí 84,451 ni ti Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ Ìwó kò gbàgbé èyí.

Láàrin 1952 sí ìgbà tí a tún ka, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ènìyàn ti rí i pé iye tí a bá kà ni a fi ń pín àga ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, òun náà ni a sì ń wò bí a bá ń pín owó. Ẹni tí ó ń fi ọmọ pamọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kún ọmọ. A ka ènìyàn ní 1962, a fagi lé e. A tún kà ní 1963, ìjọba sì gba ti 1963. Nínú èyí, 158,583 ni Ìwó. Ẹ jẹ́ kí a fi wé ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ifẹ̀ ti 110,790 bọ́ sí 130,050, ìyẹn ni pé ènìyàn 17 ni ó kún gbogbo 100. Ní Ìwó, ó lé díẹ̀ ní 58 lórí 100. Ní Òṣogbo, tí ó di 208,966, ó tó 70. Ògbómọ̀ṣọ́ ti 139,535 bọ́ sí 319,881, Ẹdẹ sì ti 44,808 bọ́ sí 134,550, ìlọ́po mẹ́ta gédégédé láàrin ọdún mọ́kànlá!

A kò sọ pé ẹnì kan purọ́. Ó ṣeé ṣe kí a ti fo ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 1952 nítorí ẹ̀rù owó orí, kí àwọn ará abúlé tí a kà sí oko ní 1952 sì ti wálé wá kí wọ́n lè kà wọ́n sí ìlú ní 1963. Ọ̀nà méjèèjì ni a rò pé ó jọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin Ẹdẹ kò bímọ ju obìnrin Ifẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìyàtọ̀ àwọn iye wọ̀nyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé báyìí ni ìlú ṣe ń dàgbà kò tíì sọ òtítọ́ fún un.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yani lẹ́nu jù. A fagi lé ti 1973. A tún ka ní 1991, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí a yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún náà, a sì tún ka ní 2006. Láti 1963 sí 2006, gbogbo Nàìjíríà ti nǹkan bí mílíọ̀nù 55.7 bọ́ sí mílíọ̀nù 140.4. Bí Ìwó bá bá orílẹ̀-èdè rìn, yóò ti tó 400,000. Ó lé ní 191,000 ni a rí. Níbo ni àwọn ènìyàn lọ?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a kà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìlú ni ti 1963, ìjọba ìbílẹ̀ sì ni ti 2006. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó ti tẹ́lẹ̀ tóbi ju ti òní lọ; a ti gé Ayédire, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ilé-Ogbó, àti Ọlá-Olúwa, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Bọ̀dé-Òsì, kúrò lára rẹ̀. Abúlé tí ọmọ Ìwó kan ti ń dáko lè wá bọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀ pé òun ti kúrò ní Ìwó. Ìdáhùn kejì ni pé ó ṣeé ṣe kí iye 1963 fúnra rẹ̀ ti ga jù.

Ìdáhùn kẹta ni a rò pé ó wúwo jù. Àwọn ènìyàn ṣí lọ. Kòkó tí a mẹ́nu bà níṣàájú ni ó ṣí ọ̀nà: ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní bèbè ọ̀dàn tí ó sì fẹ́ kòkó púpọ̀ níláti wá igbó lọ sí gúúsù. Lẹ́yìn kòkó, ó kan iṣẹ́ ìjọba àti òwò ní Ìbàdàn, tí ó wà ní ìtòsí bí ọjà tí a lè lọ kí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó sì kan Èkó. Èjìgbò tí ó wà nítòsí tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Abidjan ni tiwọn, débi pé èdè Faransé kì í ṣe ohun àjèjì lójú pópó Èjìgbò. Ìlànà tí a sì tẹ̀lé ní 2006 ni pé ibi tí olùkànìyàn bá ti fojú rí ènìyàn ni kí ó ti kà á. Ọmọ Ìwó tí ó wà ní Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ náà, Ìbàdàn ni ó kún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìwó ni ó ń kọ́ ilé sí lọ́wọ́.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ ọ́ pé ènìyàn 158,583 ni ó wà ní Ìwó, báwo ni a óò ṣe máàkì rẹ̀? Bí ó bá sọ pé ìkànìyàn 1963 ni, ó gbà. Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí lónìí, ó kùnà, bí ìwé tí a fi kọ́ ọ tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Bí òmíràn bá sì kọ ọ́ pé ìlú òun kò ṣeé kà tán nítorí pé ìdajì agbo ilé àwọn wà ní Èkó àti ní abúlé, a kò gbọdọ̀ kọ ‘kò dáhùn ìbéèrè’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn 2006, a kò tíì ka ènìyàn mọ́ ní Nàìjíríà. Ti 2023 tí a ti múra rẹ̀ sílẹ̀ ni a sún síwájú. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún dé, olùkànìyàn yóò béèrè iye ẹni tí ó ń gbé inú agbo ilé, ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yóò sì ka ti abúlé, ti Ìbàdàn àti ti Èkó mọ́ ọn, nítorí pé ọmọ ilé ni gbogbo wọn.